Ìkòkò Ọṣẹ àti Èdè-Ìperí Kẹ́mísírì: Àpòyòrò, Ìyára, Ìdọ́gba àti Ooru

1. Ìfáárà

Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun méjì tí ó yàtọ̀ síra, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a máa ń sọ pé òrí yọ́ nínú oòrùn, a sì tún máa ń sọ pé iyọ̀ yọ́ nínú ọbẹ̀. Èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ìdí ààrò. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni òrí gbà yọ́, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni iyọ̀ gbà yọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò ṣi ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó tẹ̀ lé e gbọ́.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí Yorùbá. Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní ọdún 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ni olóòtú rẹ̀. Apá kejì jáde ní ọdún 1990 lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ìwé méjèèjì náà dá lé. Kẹ́mísírì kò sí lára wọn, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ girama ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé ìlànà náà. Síbẹ̀, ìlànà ìjọba kọ́ ni ó ń mú kí olùkọ́ yà sí èdè Yorùbá nígbà tí ojú àwọn ọmọ bá fi hàn pé àlàyé kò yé wọn. Àìní ni ó ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sì kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ní ọjọ́ náà ni yóò dúró lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà tọ̀nà, ìbáà má tọ̀nà. Nítorí náà, ó yẹ kí a yan ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ pẹ̀lú ìrònú.

Ìkòkò ọṣẹ ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe òṣùwọ̀n. Ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí Rore, Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ wà, jẹ́ ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Ọ̀pẹ ń bẹ níbẹ̀, igi ẹmi tí a ń rí òrí lára rẹ̀ sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọṣẹ dúdú kì í ṣe àjèjì sí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní agbègbè yìí. Èdè-ìperí tí kò bá lè sọ òtítọ́ nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò náà kò yẹ ní ohun tí a ń gbé wọ kíláàsì.

2. Eérú, epo àti orúkọ

Bí a ti ń se ọṣẹ dúdú kò ṣòro láti sọ. A ó sun èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìdì ẹyìn tí a ti ṣa ẹyìn kúrò lórí rẹ̀, títí yóò fi di eérú. A ó kó eérú náà sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, a ó sì da omi lé e lórí. Omi tí ń kán láti ìsàlẹ̀ ni omi eérú. A ó gbé e kaná kí ó lè fà, a ó da àdín tàbí epo pupa sí i, a ó sì máa rò ó títí ọṣẹ yóò fi dì.

Nínú omi eérú yìí, ohun tí ó pọ̀ jù lọ ni kábónéètì pòtáṣíọ̀mù. Ìtàn orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ nínú fún olùṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀. Nígbà tí Humphry Davy, ará Bìrìtìkó, kọ́kọ́ yọ mẹ́tàlì pòtáṣíọ̀mù jáde ní ọdún 1807, orúkọ eérú inú ìkòkò tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè tẹ́lẹ̀ ni ó fà gùn láti fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù sì ń lò fún gbogbo èròjà irú èyí, èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti mú un, eérú igi ni ó sì ń tọ́ka sí níbẹ̀. Bí eérú bá yẹ ní ìpìlẹ̀ orúkọ lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn, kò sí ìdí tí kò fi yẹ lọ́wọ́ Yorùbá. *Eléérú* ni a dábàá fún irú èròjà bẹ́ẹ̀: èyí tí ń yọ̀ láàárín ìka, tí ń dojú ìjà kọ ásíìdì, tí ó sì lè sọ ọ̀rá di ọṣẹ.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra fún orúkọ tí ó dá lórí ìrísí nìkan. Àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́, tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sì tìtorí wọn ṣí ní ọdún 1945, òkúta tí àwọn Òyìnbó ń pè ní òkúta ọṣẹ ni a fi gbẹ́ wọn. Òkúta náà ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rá nínú, kò ní eérú nínú, omi kò sì lè mú un yòrò. Àwọn ère náà ì bá ti ṣàn lọ tipẹ́ bí ó bá jẹ́ ọṣẹ ni wọ́n. Ìrísí ni orúkọ náà sọ, kò sọ ẹ̀dá. Èdè-ìperí gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

3. Àpòyòrò

A dábàá pé kí a fi *yọ́* mọ sí ohun tí ooru nìkan ń sọ di olómi, kí a sì lo *yòrò* fún ohun tí ó wọ inú ohun mìíràn tí a kò rí i mọ́. Òrí yọ́, iyọ̀ yòrò. Iyọ̀ náà lè yọ́ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ìgbóná bá tó 801 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Inú omi tútù sì ni ó ti ń yòrò. Ohun kan ṣoṣo ni yíyọ́ ń bá lò. Ohun méjì ni yíyòrò kò lè ṣe aláìní.

Nínú méjì yìí, èyí tí ó wọlé ni *ayòrò*, èyí tí ó gbà á sínú ni *amúyòrò*. Ó lè yá ẹlòmíràn lára láti pe ohun tí ó ti inú méjèèjì jáde ní *àyòrò*. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò la *ayòrò* àti *àyòrò*, àwọn ọ̀rọ̀ méjì tí yóò máa tẹ̀ lé ara wọn nínú gbólóhùn kan náà, àwọn tí wọn kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ sì pọ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́. *Àpòyòrò* ni ó yẹ: ohun tí a pò títí apá kan fi yòrò nínú èkejì. Ó bá *àpòpọ̀* mu, ó sì fi ìyàtọ̀ hàn. Iyanrìn inú omi jẹ́ àpòpọ̀. Yóò silẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀. Omi iyọ̀ jẹ́ àpòyòrò. Kò ní silẹ̀.

Omi a máa gba ayòrò títí ó fi yó. Ní ìgbóná 20, iyọ̀ tí 100 gíráàmù omi lè gbà kò ju nǹkan bí 36 gíráàmù lọ. Ti kábónéètì pòtáṣíọ̀mù tó 111 gíráàmù. Bí a bá gbé omi náà kaná dé 100, ti iyọ̀ kò ju 39 lọ, ti kábónéètì pòtáṣíọ̀mù yóò sì tó 156. Àpòyòrò tí kò lè gbà mọ́ ni a dábàá láti pè ní *àpòyòrò ayó*. Ìṣirò yìí fi ìdí rẹ̀ hàn tí omi gbígbóná fi ń fa agbára eérú jáde dáadáa, àti ìdí rẹ̀ tí omi eérú fi lè di líle gan-an kí ohunkóhun tó ṣà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ náà *líle* gba àkíyèsí. Àwọn aláṣeṣe a máa sọ pé omi eérú le tàbí pé ó ki. *Kíki* ń sọ bí ohun olómi ti ń fà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ. Omi eérú sì lè ní ayòrò púpọ̀ láìfà. *Líle* pẹ̀lú yóò fa ìjọra tí kò yẹ, nítorí pé ásíìdì kan lè le nípa ẹ̀dá rẹ̀ kí ó sì kéré nínú omi. *Ìwọ̀n ayòrò* ni ó yẹ: iye ayòrò tí ń bẹ nínú lítà àpòyòrò kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Láti sọ kílógíráàmù àdín kan di ọṣẹ pátápátá, a nílò nǹkan bí 245 gíráàmù háídírọ́kísáìdì pòtáṣíọ̀mù. Ti epo pupa kò ju nǹkan bí 200 lọ. Ẹni tí ó bá fi omi eérú tí ó tó fún àdín se epo pupa yóò ní àṣẹ́kù eléérú nínú ọṣẹ rẹ̀, ara ẹni tí ó bá fi wẹ̀ ni yóò sì jẹ́rìí sí i.

4. Ìdòmíràn àti ìyára rẹ̀

Nígbà tí iyọ̀ yòrò, iyọ̀ ṣì ni. Bí omi bá gbẹ, a ó rí i padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àdín bá di ọṣẹ, kò sí bí a ti lè gbẹ omi rẹ̀ tó tí àdín yóò padà wá. Michel Eugène Chevreul, ará Faransé, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1823: ọ̀rá jẹ́ ásíìdì ọ̀rá tí a so mọ́ gilisẹ́rínì, eléérú a tú ìdè náà, a sì mú ásíìdì ọ̀rá, gilisẹ́rínì a sì bọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀ ti di òmíràn. *Ìdòmíràn* ni a dábàá fún irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, kí *ìyípadà* lè wà fún ohun gbogbo mìíràn, irú bí omi tí ó di yìnyín.

*Ìyára ìdòmíràn* ni iye ohun tí ó di òmíràn láàárín ìwọ̀n àkókò kan, bí àpẹẹrẹ, iye gíráàmù àdín tí ó di ọṣẹ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kì í ṣe iye wákàtí tí a fi se ọṣẹ. Ìyára náà a máa yí padà bí sísè ti ń lọ, nítorí pé bí epo àti eléérú ti ń tán ni ìpàdé wọn ń dín kù.

Ohun mẹ́ta ni a lè fi ìkòkò ọṣẹ ṣàlàyé nínú ohun tí ń mú ìyára pọ̀. Èkíní ni ìwọ̀n ayòrò: bí eléérú ti pọ̀ tó nínú omi ni ó ṣe ń bá epo pàdé léraléra tó. Èkejì ni ojú ìpàdé. Epo kì í wọ inú omi. Ibi tí àwọn méjèèjì ti fara kan ara nìkan ni iṣẹ́ ti ń lọ. Rírò ń fọ́ epo sí wẹ́wẹ́, ojú ìpàdé sì ń pọ̀ sí i. Ọṣẹ àkọ́kọ́ tí ó bá ti dì pẹ̀lú a máa bá epo àti omi rẹ́, nítorí náà ni ìkòkò ṣe máa ń lọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì máa ń yá lẹ́yìn náà. Ẹ̀kẹta ni ìgbóná. Ọ̀pọ̀ ìdòmíràn a máa yára tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí ìgbóná bá fi 10 lé sí i.

Svante Arrhenius, ará Sweden, ṣàlàyé ìdí èyí ní ọdún 1889. Ìpàdé nìkan kò tó. Àwọn tí ó pàdé gbọ́dọ̀ ní agbára tí ó tó láti tú ìdè àtijọ́ kí tuntun tó lè so. Ẹni tí yóò dé àgbàlá agboolé gbọ́dọ̀ gba ìloro kọjá. *Agbára ìloro* ni a dábàá fún un. Iná kì í yí ìloro padà. Ó ń mú kí àwọn tí ó lè gbà á kọjá pọ̀ sí i ni. Ohun tí ó bá ṣí ìloro mìíràn tí ó rọrùn, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì tán nínú iṣẹ́ náà, ni *amúyá*.

5. Ìdọ́gba àlọ-òun-àbọ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tí a kò yàn dáadáa ti lè ba ẹ̀kọ́ jẹ́ jù lọ. Kábónéètì fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń tú ìdè àdín. Nínú omi, díẹ̀ nínú kábónéètì a máa gba háídírójìn lọ́wọ́ omi, a sì di báíkábónéètì. Ohun tí ó ṣẹ́ kù lára omi ni háídírọ́kísáìdì, òun sì ni òṣìṣẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, báíkábónéètì àti háídírọ́kísáìdì ń padà di kábónéètì àti omi. Bí àwọn kan ti ń lọ ni àwọn mìíràn ń bọ̀. Kò ní pẹ́ tí ìyára àlọ àti ìyára àbọ̀ yóò fi dọ́gba. Láti ìgbà náà, iye ìkọ̀ọ̀kan kò ní yí padà mọ́.

Bí kábónéètì bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mólù nínú lítà àpòyòrò kan, nínú 100 kábónéètì, 4 tàbí 5 péré ni yóò ti di báíkábónéètì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí a bá wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní làákàyè yóò béèrè pé: báwo ni òṣìṣẹ́ 4 tàbí 5 nínú 100 ṣe lè sọ odidi ìkòkò àdín di ọṣẹ?

Bí olùkọ́ bá ti kọ́ ọ pé *ìdúró* ni ọ̀rọ̀ náà, kò lè rí ìdáhùn, nítorí ohun tí ó ti dúró kò lè pèsè ohunkóhun mọ́. Bí ó bá jẹ́ *ìdọ́gba* lásán ni ó kọ́ ọ, yóò rò pé ohun tí ó wà ní ọ̀tún àti ní òsì gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà, 4 àti 96 kò sì dọ́gba. *Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì* ní tirẹ̀ jẹ mọ́ ìwà ọmọlúàbí, kò jẹ mọ́ ìyára. Ohun tí ó dọ́gba ni àlọ àti àbọ̀. Nítorí náà ni a ṣe dábàá *ìdọ́gba àlọ-òun-àbọ̀*, àti *ìdòmíràn alálọ-àbọ̀* fún ìdòmíràn tí ó lè lọ kí ó sì bọ̀. A lè fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà, bí iye ènìyàn tí ń wọlé bá dọ́gba pẹ̀lú iye tí ń jáde, ọjà yóò kún bákan náà láti wákàtí dé wákàtí. Ṣùgbọ́n ọjà kò dúró, àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní agogo mẹ́wàá sì kọ́ ni ó wà níbẹ̀ ní agogo méjì. Àwọn tí ó wà nínú ọjà àti àwọn tí ó wà nílé kò sì dọ́gba rárá.

Pẹ̀lú orúkọ yìí, ìdáhùn náà hàn. Bí àdín ti ń gba háídírọ́kísáìdì ni àbọ̀ ń dín kù, nítorí pé ẹni tí ì bá padà ti lọ sínú ọṣẹ. Àlọ wá borí àbọ̀, kábónéètì mìíràn sì di báíkábónéètì láti dí àyè náà. Òṣìṣẹ́ 4 tàbí 5 náà kì í tán, nítorí pé a ń rọ́pò wọn. Henry Le Chatelier, ará Faransé, ni ó sọ òfin yìí ní ọdún 1884: bí a bá yọ ohun kan kúrò nínú ìdọ́gba, ìdòmíràn yóò yí sí ìhà tí yóò dí àyè ohun náà. Iná ń ṣe ìrànlọ́wọ́ mìíràn. Báíkábónéètì tí a sè a máa padà di kábónéètì, afẹ́fẹ́ kábónì dáyọ́kísáìdì a sì bá hóró jáde lẹ́nu ìkòkò tí a ṣí sílẹ̀. Ohun tí ó ti jáde kò lè ṣe àbọ̀.

Ó yẹ kí a fi òtítọ́ kan kún un. Epo tí ó ti pẹ́ a máa ní ásíìdì ọ̀rá tí ó ti já kúrò lára gilisẹ́rínì. Kábónéètì lè sọ èyí di ọṣẹ ní kíá. Ọ̀rá tí ìdè rẹ̀ kò tíì tú ni ó ń gba àkókò. Àwọn aláṣe ọṣẹ ní Yúróòpù àtijọ́ a máa da ẹfun sísun pọ̀ mọ́ omi eérú, kí kábónéètì lè bá kálísíọ̀mù silẹ̀ bí ẹfun, kí háídírọ́kísáìdì nìkan sì ṣẹ́ kù nínú omi.

Ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tí ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Claude Berthollet, tí ó bá Napoleon lọ sí Íjíbítì ní ọdún 1798, rí i pé ní etí àwọn adágún kan níbẹ̀, iyọ̀ àti òkúta ẹfun ń di irú èròjà tí ń bẹ nínú káún. Ìhà òdìkejì ni àwọn onímọ̀ mọ ìdòmíràn náà sí nínú yàrá ìwádìí wọn. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọ́ pé ìwọ̀n ohun tí ó wà nílẹ̀ lè yí ìdòmíràn padà sẹ́yìn.

6. Ooru

*Ooru* ni agbára tí ń kọjá láti ara ohun gbígbóná sí ara ohun tútù. *Ìwọ̀n ìgbóná* ni ohun tí òṣùwọ̀n ń kà. Ife omi híhó kan àti ìkòkò omi híhó kan ní ìwọ̀n ìgbóná kan náà, ṣùgbọ́n ooru tí a fi sè wọ́n kì í ṣe ọgba.

Ìdòmíràn tàbí yíyòrò tí ó ń mú ooru wá ni *amóoruwá*; èyí tí ó ń mú ooru lọ ni *amóorulọ*. Igi ìdáná tí ń jó jẹ́ amóoruwá. Bẹ́ẹ̀ ni kábónéètì pòtáṣíọ̀mù gbígbẹ tí a dà sínú omi. Fún amóorulọ, kí olùkọ́ da ajílẹ̀ yúríà sínú ife omi, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kan ìta ife náà: yóò tutù. Kò sí yìnyín níbẹ̀. Yúríà ni ó gba ooru lọ́wọ́ omi kí ó tó lè yòrò.

Ìbéèrè kan sábà máa ń yọjú. Dídi ọṣẹ jẹ́ amóoruwá, bí ooru rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Kí ni a wá ń dáná sí? Ìdáhùn ni pé ooru tí ìdòmíràn mú wá ní ìgbẹ̀yìn àti agbára ìloro tí ó gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Igi ìdáná gan-an jẹ́rìí sí i: kò sí igi tí ń jó láìṣaná sí i, bí ooru tí yóò mú wá tilẹ̀ pọ̀ ju ti ìṣáná lọ́nà púpọ̀.

7. Àkójọ

Ayòrò: ohun tí ó yòrò nínú òmíràn.
Amúyòrò: ohun tí ó mú un yòrò.
Àpòyòrò: ohun tí àwọn méjèèjì pọ̀ dà.
Àpòyòrò ayó: èyí tí kò lè gba ayòrò mọ́ ní ìwọ̀n ìgbóná kan.
Ìwọ̀n ayòrò: iye ayòrò nínú lítà àpòyòrò kan.
Eléérú: èròjà tí ń dojú ìjà kọ ásíìdì nínú omi.
Ìdòmíràn: ìyípadà tí ń sọ ẹ̀dá kan di ẹ̀dá mìíràn.
Ìyára ìdòmíràn: iye tí ó di òmíràn láàárín ìwọ̀n àkókò kan.
Agbára ìloro: agbára tí ó kéré jù tí ìdòmíràn nílò kí ó tó lè wáyé.
Amúyá: ohun tí ń mú ìdòmíràn yára tí kò sì tán.
Ìdòmíràn alálọ-àbọ̀: èyí tí ó lè lọ kí ó sì padà.
Ìdọ́gba àlọ-òun-àbọ̀: ipò tí ìyára àlọ àti ti àbọ̀ ti jẹ́ ọgba.
Amóoruwá, amóorulọ: èyí tí ń mú ooru wá, èyí tí ń mú ooru lọ.

Olùkọ́ tí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju àwọn wọ̀nyí lọ kò ní láti dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìdí ìkòkò ọṣẹ, kí ó bi í léèrè bóyá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni ó ń sọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó lò ó, kí àwọn yòókù sì kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀.